Kókó Ẹ̀gbẹ́ Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀: Ṣé Kí A Ṣe Iṣẹ́ Abẹ, Nígbà Wo Sì Ni?

Bàtà funfun ni àwọn obìnrin tí ń gbàlejò ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa máa ń wọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Gìgísẹ̀ bàtà náà ga, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fi wọ irú bàtà yìí, tí ó ń dúró, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó ń wọlé. Ẹni tí ó bá rí i lẹ́nu ọ̀nà kò lè mọ̀ pé bí ìsìn bá ti parí, inú ọkọ̀ ni ó ti máa ń bọ́ bàtà náà, tí yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mú títí a ó fi délé. Bí a bá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" èsì kan náà ni: "Kò sí nǹkan, bàtà ni."

Kì í ṣe bàtà nìkan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a bá a gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀, a rí ohun tí ó ti ń fi pamọ́. Kókó kan yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà, ní ìdí àtàǹpàkò. Ó pọ́n, ó sì ń dán. Àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ ti dorí kọ àwọn ìka yòókù, ó ń ti ìka kejì bí ẹni pé àyè kò gba àwọn méjèèjì mọ́. Aránṣọ sì ni ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ó ń lò, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ni ó fi ń jẹun, òun ni ó fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde síta báyìí, olúkúlùkù ni ó ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n gé kókó náà kíákíá kí ó tó di ńlá. Ẹlòmíràn ní òun mọ ẹnì kan tí ó ṣe é tí kò rìn dáadáa mọ́ títí dòní. Ẹnì kẹta ní kí ó lọ bá àwọn tí ń to eegun kí wọ́n bá a fà á. Ẹnì kẹrin ní bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá tó, kí ni ó ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ? Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ku oṣù méje. Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo èyí?"

Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lójú ewé yìí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wa nìkan ni ó ń bọ́ bàtà nínú ọkọ̀.

KÍ NI KÓKÓ YÌÍ GAN-AN?

Àwọn dókítà ń pè é ní bunion. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eegun tuntun ni ó hù sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, tí a lè fá dànù bí ẹni fá kókó ara igi. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun gígùn kan wà tí ó ti àárín ẹsẹ̀ wá sí ìdí àtàǹpàkò. Nínú àìsàn yìí, eegun náà a máa yà síhà ẹsẹ̀ kejì díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò a sì máa yà síhà àwọn ìka yòókù. Oríkèé tí àwọn méjèèjì ti pàdé a wá yọ síta bí ìgúnpá ẹni tí ó ká apá. Orí eegun tí ó ti kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ni a ń rí bí kókó. Bí bàtà bá sì ti ń ha á, ara tí ó bò ó a wú, a pọ́n, a sì máa dunni.

Ó yẹ kí a mọ èyí dáadáa. Òun ni ó fà á tí fífá kókó náà nìkan kì í fi í tán ọ̀rọ̀. Òun náà ni ó fà á tí ìpara, wíwọ́ àti fífà kò fi lè dá eegun padà sí àyè rẹ̀.

Àtàǹpàkò gbogbo ènìyàn ni ó máa ń tẹ̀ díẹ̀. Bí títẹ̀ náà bá kọjá dígírì 15 lórí àwòrán X-ray ni àwọn dókítà ń kà á sí àìsàn; bí ó bá kọjá dígírì 40, ó ti le nìyẹn.

Níbo ni ó ti ń wá? Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Bí ìyá tàbí ìyá àgbà bá ní i, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ní i, nítorí a máa ń jogún bí ẹsẹ̀ ṣe rí gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń jogún imú àti etí. Irú àwọn làkúrègbé kan tí ó máa ń ba oríkèé jẹ́ lè fà á pẹ̀lú. Àwọn obìnrin ni ó sì ń yọ lẹ́nu jù.

Ṣùgbọ́n bàtà náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1958, àwọn oníṣègùn méjì tẹ ìròyìn kan jáde lórí ẹsẹ̀ àwọn ará Ṣáínà ní Hong Kong. Nínú àwọn tí wọ́n ń wọ bàtà, 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni àtàǹpàkò wọn ti tẹ̀. Nínú àwọn tí kì í wọ bàtà, iye wọn kò pé 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí eegun àwọn ènìyàn 177 tí a ti sin sí ìlú náà láyé àtijọ́. Nínú àwọn tí wọ́n gbé ayé láàárín ọdún 1000 sí 1300, 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àìsàn yìí. Nígbà tí bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó wá di àṣà ní nǹkan bí ọdún 1300 sí 1500, iye náà fò sókè sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún rí i pé àwọn àgbà tí ó ní in fara gba eegun kíkán nípa ìṣubú ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin ará, àṣà bàtà ṣóńṣó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pa ẹsẹ̀ lára.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÌRORA ÀTÀǸPÀKÒ NI Ó JẸ́ KÓKÓ YÌÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé kí ó fún àìsàn ara rẹ̀ ní orúkọ. Bí ìdí àtàǹpàkò bá wú lójijì ní òru, tí ó gbóná, tí ó pọ́n, tí aṣọ ìbora pàápàá kò ṣeé fi kàn án, ó lè jẹ́ gout, èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Bí ibà bá bá wíwú náà rìn, tàbí tí awọ ara bẹ́ tí ó ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo egbò ẹsẹ̀, bó ti wù kí ó kéré tó, nítorí ó lè máà mọ ìrora rẹ̀ títí tí yóò fi jinlẹ̀.

Dókítà eegun ni ó lè sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì, Èkó, ti wà láti ọdún 1945, àwọn dókítà eegun sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá bí UCH ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán X-ray ẹsẹ̀ yín, orí ìdúró ni kí wọ́n ti yà á, nítorí ìgbà tí ara bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni eegun máa ń fi ibi tí ó yà sí hàn.

KÍ Ọ̀RỌ̀ TÓ DI TI ABẸ

Ẹ mú bébà funfun kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ òfìfo dúró lé e, kí ẹnì kan sì fi bírò yí ẹsẹ̀ náà ká. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bàtà tí ẹ ń wọ̀ jù lọ lé orí ohun tí ẹ yà. Bí ẹ bá rí ìlà bírò tí ó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ bàtà, ẹ̀rí ti wà níwájú yín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ṣe é, ìlà náà yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Èmi ni mo ń ti ẹsẹ̀ mi bọ ẹ̀wọ̀n láti ọdún yìí wá."

Bàtà tí ó fẹ̀ níwájú, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga, tí okùn tàbí ìdè sì mú ẹsẹ̀ dáadáa, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ra bàtà, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Ẹ dìde dúró nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú ìka tí ó gùn jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra bàtà òkìrìkà, kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra èyí tí kò gba ẹsẹ̀ nítorí pé ó rẹwà, ó sì pọ́ọ́kú, kí ẹ máa retí pé yóò fẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà fún un. Aránbàtà tí ó mọṣẹ́ lè bá yín fẹ ojú ibi tí kókó wà lára bàtà aláwọ.

Àwọn ohun mìíràn wà tí ó lè dín ìrora kù. Ẹ lè fi nǹkan rírọ̀ bo kókó náà kí bàtà má baà ha á. Ẹ lè fi aṣọ wé yìnyín kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tìmùtìmù tí a ń tẹ́ sínú bàtà máa ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Oògùn ìrora náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó máa lò ó léraléra. Ní ti àwọn rọ́bà tí wọ́n ń tà pé yóò na àtàǹpàkò padà bí a bá wọ̀ ọ́ sùn, ó lè fún ẹsẹ̀ ní ìsinmi, ṣùgbọ́n kì í dá eegun padà.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó ń mú kókó náà kúrò. Ìrora ni wọ́n ń dín kù. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn ti tó.

Ẹ̀gbọ́n wa lọ bá ìyá tí ó jẹ́ olórí àwọn agbàlejò, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ fún un pé òun kò lè wọ bàtà gogoro mọ́. Ó ti múra sílẹ̀ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí wọn kò bá gbà. Ìyá náà wò ó títí, ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ hàn án. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n wa wọ bàtà funfun pẹlẹbẹ. Kí oṣù náà tó parí, àwọn mẹ́ta mìíràn ti wọ tiwọn.

ÌBÉÈRÈ DÓKÍTÀ

Nígbà tí a bá ẹ̀gbọ́n wa dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun, a rò pé kókó ni yóò kọ́kọ́ wò. Kò wò ó. Ó fà àga sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, kí ni ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Dókítà, ìgbéyàwó ọmọ mi ló ń bọ̀. Mo fẹ́ wọ bàtà tó bá aṣọ mi mu."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo, Màmá. Ti ojoojúmọ́ ni mo ń béèrè."

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òtítọ́. Ó ní òun kò lè tẹ ẹ̀rọ fún wákàtí kan kí òun má dúró. Ó ní ìrora máa ń jí òun lóru. Ó ní òun ti ń dá iṣẹ́ àwọn oníbàárà padà. A jókòó tì í, ojú sì tì wá, nítorí inú ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé.

Dókítà náà là á yé wa pé kì í ṣe bí kókó bá ṣe tóbi tó ni a fi ń pinnu iṣẹ́ abẹ. Kókó ńlá wà tí kì í dunni. Kékeré wà tí ó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́. Bí kò bá dunni, kí a fi í sílẹ̀. Ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, pàápàá kì í ṣe é nítorí ẹwà lásán. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ ni ìwọ̀nyí: Ṣé ó ń dùn mí lọ́pọ̀ ọjọ́, àní nínú bàtà tí ó fẹ̀? Ṣé ó ń dí iṣẹ́, ìrìn tàbí oorun mi lọ́wọ́? Ṣé ó ti ń ba ìka kejì jẹ́, tí ó ń gun orí rẹ̀ tàbí tí ó ń dá egbò sí i lára? Ṣé mo ti gbìyànjú bàtà àti àwọn ìtọ́jú yòókù fún oṣù bíi mélòó kan, tí kò sì tó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ abẹ di ohun tí a lè rò.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí kókó ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n wa lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà ní London rí i nínú fọ́tò, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n sálúbàtà fífẹ̀ ni Màmá ń wọ̀, ó ń rìn lọ sí ọjà, ó ń rìn bọ̀, kò sì dùn ún. Dókítà ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ Màmá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìfẹ́ ni ó mú àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ ni ó mọ̀ bí ó bá ń dun òun.

ṢÉ ÌDÚRÓ KÒ NÍ BA NǸKAN JẸ́?

Ìbẹ̀rù yìí ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ṣáájú àkókò. Ní orílẹ̀-èdè Finland, àwọn dókítà pín àwọn ènìyàn 209 tí ó ní kókó yìí sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n fún àwọn kan ní ohun ìtẹ́sínú bàtà, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù dúró. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ìrora àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kéré ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun ìtẹ́sínú bàtà ṣe àǹfààní ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tọ́jọ́. Wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó dúró náà láti ṣe é, nínú ìròyìn kejì ní ọdún 2003 sì ni a ti rí i pé dídúró ọdún kan kò sọ àbájáde iṣẹ́ abẹ wọn di búburú.

Nítorí náà, ohùn méjì ni ó yẹ kí a gbọ́. Èkíní, iṣẹ́ abẹ ń ran ẹni tí ó ń jẹ̀rora lọ́wọ́ nítòótọ́. Èkejì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ẹ ní àyè láti yan àkókò tí ó bá ilé yín mu. Èyí kò wí pé kí a máa fi dọ́la dọ́la tì í títí láé, nítorí kókó náà lè máa le sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹni tí ìka kejì rẹ̀ ti ń bàjẹ́ tàbí tí awọ rẹ̀ ń bó kò gbọ́dọ̀ jáfara.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ju 100 lọ, dókítà ni yóò sì yan èyí tí ó bá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, wọn a gé eegun náà, wọn a sún un padà sí àyè rẹ̀, wọn a sì fi ìdè irin kéékèèké dè é títí yóò fi jinná. Irin náà sábà máa ń wà níbẹ̀ títí láé. Wọ́n lè fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ akunilóorun, tàbí kí wọ́n mú ẹsẹ̀ nìkan kú. Ọ̀pọ̀ ni ó ń padà sílé ní ọjọ́ kan náà.

Bí oríkèé náà bá ti bàjẹ́ jù, wọ́n lè so eegun méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ìrora á lọ, ṣùgbọ́n oríkèé náà kò ní tẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, tí ẹ ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, tí ìka ẹsẹ̀ yín máa ń ká sábẹ́, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹ̀gbọ́n wa béèrè. Dókítà ní tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, pé gígé àti sísún ni òun yóò ṣe.

Kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò ní ewu tirẹ̀. Kòkòrò lè wọ ojú egbò. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Oríkèé lè gan, ibì kan lára awọ sì lè kú tí kò ní mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Kókó náà lè padà wá. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kó ìròyìn iṣẹ́ abẹ tí ó ju 16,000 lọ jọ. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 1 nínú 10 kò ní ìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú àbájáde rẹ̀, kókó sì padà fún nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Púpọ̀ jù lọ ni inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ ṣe é nítorí kí ó lè wọ bàtà ṣóńṣó padà ni ó súnmọ́ ìjákulẹ̀ jù.

Dókítà kì í sábà ṣe é fún ọmọdé títí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi dàgbà tán. Ọjọ́ orí nìkan kò dí arúgbó lọ́wọ́. Ìlera ara rẹ̀ ni a ó wò. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ẹni tí ó bá ń mu sìgá sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, nítorí sìgá kì í jẹ́ kí eegun tètè jinná.

ÌGBÀ WO?

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀. Fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, orí ìrọ̀rí ni ẹsẹ̀ náà yóò wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, bàtà pàtàkì tí ilé ìwòsàn fún yín ni ẹ ó máa wọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ènìyàn tó wa ọkọ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ó tó padà sí ẹnu iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ náà bá ṣe rí. Eré sísá lè dúró títí di oṣù mẹ́fà. Wíwú ẹsẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nísinsin yìí, ẹ wo ilé yín. Ta ni yóò pọn omi, ta ni yóò sì dáná? Ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ ń gbé? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń lóṣòó sí ni ẹ ní? Ta ni yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ìgbà òjò ni, tí ẹrẹ̀ yóò máa ta sí egbò? Àkókò tí àwọn ọmọ wà nílé fún ọlidé dára nítorí ìrànlọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọlidé gígùn bọ́ sí àárín òjò. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ní in, ẹ bi dókítà bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a ṣe wọ́n, kí ẹ lè ní èyí tí ẹ ó fi dúró. Ẹ béèrè gbogbo owó pátá: àyẹ̀wò, X-ray, irin, oògùn, wíwẹ egbò, X-ray ẹ̀ẹ̀kejì, àti owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀. Ẹni tí ó bá tọ́jú owó iṣẹ́ abẹ nìkan tí kò tọ́jú owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta kò tíì múra tán.

Ẹ̀gbọ́n wa ṣírò tirẹ̀, ó rí i pé bí òun bá ṣe é kí ìgbéyàwó tó wáyé, ẹsẹ̀ wíwú ni òun yóò gbé lọ síbẹ̀. Ó dúró. Ó wọ bàtà fífẹ̀ fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Ìrora dín kù, ṣùgbọ́n kò lọ, ẹ̀rọ sì ń dùn ún tẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ aláwọ̀ wúrà lọ sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gèlè rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ní oṣù Kìíní, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Kò gba aṣọ Àjíǹde kankan ní ọdún náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe àtúnṣe aṣọ fún àwọn oníbàárà, àwa sì pín oúnjẹ ilé rẹ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ní ti ẹni tí ó ní àìnígbàgbọ́ ni, a kò bá a jiyàn. A gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n wa nílé, a sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn. A kò rí ibi tí ọ̀kan ti dí èkejì lọ́wọ́.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni ó padà sí ìdí ẹ̀rọ, díẹ̀díẹ̀. Àtàǹpàkò náà kò tẹ̀ tó bí ó ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibì kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò mọ ìfọwọ́kàn. Bí ó bá dúró pẹ́ jù, ẹsẹ̀ náà máa ń wú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora kò jí i lóru mọ́, ó sì ti tún gba ọmọ iṣẹ́ karùn-ún. A bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Bí mo bá sáré ṣe é, orí àga ni ǹ bá jókòó sí tí wọn ì bá fi fa ọmọ mi fọ́kọ. Bí n kò bá sì ṣe é rárá, ǹ bá ti ta ẹ̀rọ mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ bẹ ìyá yín, ìyàwó yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín kí ó bọ́ bàtà. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ má ṣe bi í pé, "Ṣé kò sí?" nítorí yóò ní kò sí. Ẹ bi í bí dókítà ti bi ẹ̀gbọ́n wa: kí ni ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe mọ́?